Mo jẹ Ìyá Ìbejì lówó oṣù mẹ́rin, kò sì bi mí rí

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Ìsọ̀kun ní Iléṣà ni ilé wa. Ọdún kẹsàn-án rèé tí Ìyá Ìbejì ti ń bá wa fọṣọ, tó ń tún ilé ṣe, lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. 25,000 náírà ni mò ń fún un lóṣù. Láti ìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti dá ọkọ mi dùbúlẹ̀, oògùn ló ń gbé gbogbo owó tí mò ń pa ní ìsọ̀ aṣọ mi lọ́jà Atákúnmọ́sà lọ. Oṣù kẹrin rèé tí n kò fún un ní kọ́bọ̀. Mo ní kó máa sinmi nílé. Ó ní, "Mọ̀mí, ta ló máa bá yín gbé Dádì dìde?" Ó tún dé lọ́jọ́ kejì.

Èyí tó gbé mi wá rèé. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo bu ìrẹsì tó kù nísàlẹ̀ agolo wa sè tán. Nígbà tó di ọjọ́ Ẹtì, mo gbé agolo náà, ó wúwo. Ìrẹsì ìbílẹ̀ ló wà níbẹ̀, ó pọ́n díẹ̀, wọ́n ti ṣà á, kò sí òkúta kan nínú ẹ̀. N kò ra irú ẹ̀ rí. Mo jókòó sórí àpótí ní ilé ìdáná, mo sunkún.

Ọmọ Òṣómàáló ni mí. Bàbá mi ta aṣọ láwìn. Bí oníbàárà bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́, á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onítọ̀hún títí owó á fi jáde. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń sin gbèsè. Ẹni tó ń bu oúnjẹ sílé ẹni tó jẹ ẹ́ lówó ni n kò mọ bí mo ṣe lè ṣe sí. Àwọn ọmọ mi ní kí n dá a dúró kí gbèsè má baà pọ̀ sí i. Ọ̀rẹ́ mi ni. Àbí ojú ló ń tì í láti béèrè?

Ọmọ Ọbòkun: Màmá, ẹ pẹ̀lẹ́, Olúwa á gbé Dádì dìde. Ẹ ní kí àwọn ọmọ yín dá 25,000 yẹn jọ. Bàbá wọn ni obìnrin yẹn ń gbé.

Alájọ Òkèsà: Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, oṣù kọ̀ọ̀kan, 100,000 ló ti di, kí ẹ buwọ́ lù ú fún un. Òfin owó oṣù tó kéré jù, 70,000 tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2024, kò de ibi tí òṣìṣẹ́ kò bá pé 25. Ìwé ọwọ́ yín ni yóò ní láti tọ́ka sí.

Ẹni tó ti ṣe é rí: Ọdún mọ́kànlá ni mo fi bá wọn ṣiṣẹ́ ilé ní Ilé-Ifẹ̀. Mọ̀mí, méjèèjì ló wà níbẹ̀. Ó fẹ́ràn yín, ojú sì ń tì í. Nígbà tí ọwọ́ ọ̀gá tèmi ò dẹ, mi ò yé lọ, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ni mo fi ń rìn láti Mọdákẹ́kẹ́ dé Parakin, wọn ò sì mọ̀. Ọjọ́ tí Màmá bi mí pé, "Kí lo jẹ kó o tó wá?" ni ẹkún gbọ̀n mí. Ẹ bi í ní ohun tí àwọn ìbejì ń jẹ. Ẹ má dá a dúró. Ẹ dín ọjọ́ kù kó lè ríṣẹ́ mìíràn ṣe kún un. Kí ẹ sì dúpẹ́ ìrẹsì yẹn lójúkojú, ẹ má ṣe bíi pé ẹ ò rí i.

Ẹni tó béèrè: Ẹ ṣeun. Mo bi í láàárọ̀ yìí. Ó kọ́kọ́ ní àwọn ń jẹun. Nígbà tó yá, ó ní Kẹ́hìndé ò lọ síléèwé láti ọ̀sẹ̀ méjì, owó ni. N kò mọ̀! Àwa méjèèjì jọ sunkún. Mo kọ gbèsè náà sínú ìwé, mo kó àǹkárá mẹ́rin fún un nínú ọjà mi: kó tà á, kó mú gbogbo owó ẹ̀, ká yọ ọ́ nínú ohun tí mo jẹ. Ó yẹ ọ̀kan wò, ó fọwọ́ pa á, ó bi mí pé èló ni kí òun pè é. Ó ní bí ẹnikẹ́ni bá gbà á láwìn, òun náà á lóṣòó.