Odídẹrẹ́ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà ń gé ni jẹ, gààrí àti ẹ̀pà nìkan ló sì ń jẹ. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Olùbéèrè, Ìjẹ̀bú-Òde
Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin àgbà ọlọ́sìn. Ẹni tó ń kó kúrò nílùú ló fi odídẹrẹ́ yìí sílẹ̀ fún mi. Gààrí Ìjẹ̀bú tí wọ́n fi omi rin àti ẹ̀pà ni wọ́n fi ń bọ́ ọ. Tí mo bá gbé ẹ̀fọ́ síwájú rẹ̀, á dà á nù. Ọwọ́ tó bá wọnú kéèjì, á gé e jẹ. Tílẹ̀ bá ti ń ṣú, ariwo ló kù. Ẹyinjú rẹ̀ ti funfun, ó sì pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ díẹ̀. Àwọn ará àdúgbò ní kí n fi ebi pa á kó lè gbọ́ràn. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Màmá Ìbejì, Ṣágámù
Ẹ kú ìtọ́jú rẹ̀. Ẹ má gba gààrí àti ẹ̀pà náà kúrò lójijì o. Ohun tí odídẹrẹ́ ò bá jẹ rí, kì í kà á sí oúnjẹ; ebi lè pa á kú kí àwo ẹ̀fọ́ ṣì wà níwájú rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ ra síkéèlì ilé ìdáná tó ń ka gíráàmù. Ẹ máa wọ̀n ọ́n láràárọ̀ kó tó jẹun, kẹ́ ẹ sì máa kọ ọ́ sílẹ̀. Èyí tó ti dàgbà sábà máa ń wà láàárín 400 sí 500 gíráàmù. Bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ìwọ̀n tẹ́ ẹ bá lára rẹ̀ bá ti lọ, ẹ dá oúnjẹ àtijọ́ padà, kẹ́ ẹ sì gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran.

Òwúrọ̀ ni kẹ́ ẹ máa gbé oúnjẹ tuntun síwájú rẹ̀, torí ìgbà yẹn lebi ń pa á. Ẹ̀wà tí ẹ rẹ mọ́jú tí ẹ sì sè jinná dáadáa (ẹ̀wà tí kò jinná ní májèlé nínú), àgbàdo sísè, kárọ́ọ̀tì, ṣọkọ tẹ́ ẹ gé wẹ́wẹ́, ìbẹ́pẹ tó pọ́n, ata ṣọ̀mbọ̀. Ẹ má bẹ̀rù ata, títa rẹ̀ kì í dun ẹyẹ. Ẹ má fi iyọ̀ kankan sí i. Ṣíbí ìjẹun mẹ́ta ti tó. Ẹ gún ẹ̀pà díẹ̀ wọ́n sórí rẹ̀, kẹ́ ẹ jókòó síwájú rẹ̀ kẹ́ ẹ máa jẹ kárọ́ọ̀tì tiyín: ohun tó bá rí lẹ́nu ẹni tó ń bá a gbé, òun náà á fẹ́ tọ́ ọ wò. Lẹ́yìn wákàtí méjì, ẹ kó o kúrò, ooru wa yìí ń tètè ba oúnjẹ jẹ́. Ìrọ̀lẹ́ ni kẹ́ ẹ wá fún un ní gààrí rẹ̀, kẹ́ ẹ máa dín in kù díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Gààrí kàn ń kún inú rẹ̀ ni. Kò ní fítámì A, kálísíọ̀mù rẹ̀ ò tó nǹkan. Àìtó fítámì A ló ń mú kí àmì funfun yọ sí i lẹ́nu, kí imú rẹ̀ sì máa ṣomi. Ti kálísíọ̀mù ló burú jù fún odídẹrẹ́: á máa gbọ̀n, á já bọ́ lórí igi, gìrì á gbé e. Ẹ sè èèpo ẹyin, ẹ gún un kúnná, kẹ́ ẹ bu fín-ín-fín wọ́n sóúnjẹ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Kí ara rẹ̀ lè lo kálísíọ̀mù náà, ẹ gbé e síta nínú oòrùn àárọ̀ fún ogún ìṣẹ́jú, kí apá kan kéèjì wà lábẹ́ òjìji. Oòrùn tó gba inú gíláàsì wọlé ò ṣe iṣẹ́ yẹn.

Ẹ má gbàgbé ẹyìn. Oúnjẹ tí odídẹrẹ́ ń wá kiri nínú igbó nìyẹn, ara pupa rẹ̀ sì ń fún un ní ohun tó di fítámì A. Ẹyọ kan tàbí méjì lóòjọ́ tó, torí epo rẹ̀ pọ̀. Ní ti ẹ̀pà, ẹ là á wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: èyí tó ti bu ń ba ẹ̀dọ̀ àti ẹ̀dọ̀fóró ẹyẹ jẹ́. Píà, ṣokoléètì, kọfí, ọtí, àlùbọ́sà, aáyù: èèwọ̀ ni. Ìkọ́kọrẹ́ tó kù nínú ìkòkò náà kì í ṣe tirẹ̀.

Olùbéèrè
Ẹ ṣé gan-an ni, mà. Oúnjẹ oníhóró tí wọ́n ṣe fún ayékòótọ́ wọ́n gan-an lọ́jà. Ṣé oúnjẹ adìẹ tó ń yé ẹyin lè dípò rẹ̀?

Màmá Ìbejì, Ṣágámù
Rárá o. Kálísíọ̀mù inú rẹ̀ pọ̀ jù fún ẹyẹ tí kì í yé ẹyin lójoojúmọ́, kíndìnrín rẹ̀ ló máa bà jẹ́. Bí owó ò bá tó, ẹ̀wà, àgbàdo àti ẹ̀fọ́ yẹn ni kẹ́ ẹ dì mú.

Ọmọ Rẹ́mọ, Ìkẹ́nnẹ́
Tèmi ni pé kẹ́ ẹ gé ìyẹ́ apá rẹ̀. Fáànù òkè lè pa á.

Bàbá Ọlọ́sìn, Àgọ́-Ìwòyè
Àbúrò, ẹ pa fáànù, kẹ́ ẹ ti fèrèsé. Ara odídẹrẹ́ wúwo. Èyí tí wọ́n gé lápá bá fẹ́ fò, á já lulẹ̀ bíi òkò, eegun àyà rẹ̀ á sì là.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ béèrè, ojú tẹ́ ẹ júwe yẹn, ti àgbà ni. Ojú ọmọ odídẹrẹ́ máa ń dúdú bí eérú, tó bá ń tó ọdún kan sí méjì ló ń funfun. Ẹ ò lè fi ipá mú àgbà. Ẹ gbé kéèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ní pálọ̀, kì í ṣe nílé ìdáná: èéfín páànù tí oúnjẹ kì í lẹ̀ mọ́ lè pa á láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Kọ́ìlì ẹ̀fọn àti èéfín jẹnẹrétọ̀ náà, ẹ jẹ́ kó jìnnà sí i.

Ẹ máa wo ara rẹ̀ kẹ́ ẹ tó nawọ́. Bí ọmọlójú rẹ̀ bá ń fẹ̀ tó ń súnkì, tí ìyẹ́ ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ dìde, ẹ fawọ́ sẹ́yìn. Ẹni tó bá dúró dìgbà tó gé òun jẹ kó tó kúrò ń kọ́ ọ pé ìgéjẹ ló ń ṣiṣẹ́.

Ẹ wá oúnjẹ kan tó fẹ́ràn jù, bí ẹ̀gúsí tẹ́ ẹ ti bó, kó má rí i nínú àwo mọ́, ọwọ́ yín nìkan ni kó ti máa rí i. Ẹ na igi súyà tí ṣóńṣó rẹ̀ ti kúrò sí i láti ìta kéèjì. Bó bá ti fẹnu kàn án, ẹ sọ pé “O káre!” lójú ẹsẹ̀, kẹ́ ẹ fún un ní ẹ̀gúsí kan. Ìṣẹ́jú márùn-ún láàárọ̀, márùn-ún nírọ̀lẹ́, kó tó jẹun. Tó bá ń tẹ̀ lé igi náà káàkiri, ẹ ṣílẹ̀kùn, kẹ́ ẹ fi igi tó nípọn pè é kó gorí rẹ̀. Ọwọ́ ló kẹ́yìn: ẹ gbé e sí ìsàlẹ̀ ikùn rẹ̀, lókè ẹsẹ̀, kó dúró gbọin. Ọwọ́ tó bá ń gbọ̀n kò ní gùn ún.

Ariwo ìrọ̀lẹ́ kì í ṣe àìsàn. Àkókò tí wọ́n ń pe ara wọn jọ lórí igi nìyẹn. Ẹ súfèé fún un jẹ́jẹ́, ẹ má pariwo mọ́ ọn, kẹ́ ẹ bò ó ní agogo méje kó sùn tó wákàtí mọ́kànlá.

Olùbéèrè
Ọlọ́run á bù kún yín, sà. Àwọn kan ti ń tọrọ ìkóódẹ lọ́wọ́ mi o.

Bàbá Ọlọ́sìn, Àgọ́-Ìwòyè
Kí wọ́n dúró dìgbà tó bá ré fúnra rẹ̀. Ẹ ò gbọdọ̀ fà á tu: èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù ní ẹ̀jẹ̀ nínú. Bó bá ṣèèṣì ṣẹ́, ẹ bu ìyẹ̀fun àgbàdo sí i, kẹ́ ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ̀ ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Tí ẹ̀jẹ̀ ò bá dá, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn ẹran ní FUNAAB (yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ ti ìjọba àpapọ̀), Abẹ́òkúta, lọ́jọ́ náà gan-an.