"Àyẹ̀wò àwòṣe" kò gbé ìtumọ̀ model checking

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹnìkan dá a lábàá pé kí á máa pe model checking, ìyẹn kí kọ̀ǹpútà máa wò ó bóyá ètò kọ̀ǹpútà kan lè rú òfin tí a fún un, ní "àyẹ̀wò àwòṣe". Ó dùn létí, àmọ́ n kò lè fọwọ́ sí i.

Ẹ wo àyẹ̀wò ná. Bí wọ́n bá ní ká lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, díẹ̀ ni wọ́n ń fà, díẹ̀ yẹn ni wọ́n sì fi ń dá gbogbo ara lẹ́jọ́. Iṣẹ́ tí à ń sọ yìí kì í mú díẹ̀. Ẹ mú PLC, kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ̀rọ ní ilé iṣẹ́: yóò ka gbogbo bọ́tìnì àti sẹ́ńsọ̀, yóò ṣírò, yóò pàṣẹ fún mọ́tò àti fáàfù, yóò sì tún bẹ̀rẹ̀, láìdúró; àyípo kan ni ìgbà kọ̀ọ̀kan. Ká ní òfin ibẹ̀ ni pé fáàfù tó ń gba ásíìdì wọ inú táńkì àti èyí tó ń tú u jáde kò gbọdọ̀ ṣí pọ̀ láé. Bọ́tìnì àti sẹ́ńsọ̀ 20 péré, tí kálukú wọn kàn ń tàn tàbí kó kú, lè wà ní oríṣi ipò 1,048,576. Ta ló fẹ́ fọwọ́ tẹ gbogbo ìyẹn? Ọ̀nà tí àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà, Clarke àti Emerson, là ní Amẹ́ríkà ní 1981, tí Queille àti Sifakis náà là ní Faransé láìmọ̀ sí tiwọn, ni pé kí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ wo gbogbo ipò tí ètò náà lè dé. "Láé" inú òfin yẹn gan-an ló ń dáhùn. Ìdí nìyí tí mo fi ní "àyẹ̀wòtán".

Àwòṣe tún burú jù. Ohun tí a wò ká tó ṣe nǹkan ni àwòṣe. Níbí, ètò PLC ti wà nílẹ̀ kí model, ìyẹn àwòrán ètò náà tí irinṣẹ́ ń yẹ̀ wò, tó dé. Ní CERN, ilé ìwádìí físíìsì nítòsí Geneva, irinṣẹ́ wọn tó ń jẹ́ PLCverif ló ń ka ètò náà, tó sì ń fa model yọ láti inú rẹ̀. Ẹ̀dà ni, ẹ jọ̀ọ́. Ẹni tó bá sọ pé ẹ̀dà gbọ́dọ̀ bá ojúlówó dọ́gba, kó rántí ẹ̀dà fóníìmù tí a kọ́ níléèwé, oríṣiríṣi ọ̀nà tí ìró kan ń gbà jáde lẹ́nu: ṣé wọ́n dọ́gba?

Ipò fún state, mo gbà, kò sí ìjà níbẹ̀.

"Àpẹẹrẹ òdì" fún counterexample ni n kò gbà. Ó dà bí ìwà tí à ń kìlọ̀ fọ́mọ. Bí òfin bá já, irinṣẹ́ yóò to bó ṣe já lẹ́sẹẹsẹ: àyípo kìíní, táńkì kún, àyípo kejì, wọ́n tẹ "bẹ̀rẹ̀" àti "dúró" pọ̀, àyípo kẹta, fáàfù méjèèjì ṣí. Ẹnjiníà lè tẹ̀lé e títí dé ibi tó ti bàjẹ́. "Ẹ̀rí atakò" ni mo máa pè é.

Wọ́n á ní "àyẹ̀wòtán ẹ̀dà" ti gùn jù. Ó gùn lóòótọ́. Àmọ́ ipò máa ń pọ̀ débi pé irinṣẹ́ kò ní rí gbogbo rẹ̀ wò, àwọn míì á sì fi mọ sí iye àyípo kan. Ẹni tó bá ń lo ọ̀rọ̀ yìí kò ní lè fi ìyẹn pamọ́: yóò ní láti kọ ọ́ sínú ìròyìn rẹ̀ pé àyẹ̀wò náà kò tán.