"Ìtànká" kọ́, ìtọ́jú onítànṣán ni

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin àbúrò, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Orúkọ Yorùbá là ń wá fún radiotherapy, ìtọ́jú tí wọ́n ń fi ìtànṣán ṣe fún jẹjẹrẹ ọyàn, mẹ́ta ló sì ti wà nílẹ̀ báyìí. Ẹ̀gbọ́n dá "ìtọ́jú ìtànká" lábàá, ẹnìkan mú "ìwòsàn oníná" wá, ẹlòmíràn ní "ìtànṣán olóró" ló bá a mu. Ẹ má bínú sí mi, mi ò fara mọ́ ìkankan nínú wọn.

"Ìtànká" ló ń kọ mí lóminú jù. Mo rí ibi tí Ẹ̀gbọ́n ti mú un: ìmọ́lẹ̀ a máa tàn ká. Ìwé ẹ̀kọ́ físíìsì lè gbà á wọlé. Ṣùgbọ́n kí là ń sọ nígbà tí jẹjẹrẹ bá kúrò níbi tó ti bẹ̀rẹ̀, tó dé egungun tàbí ẹ̀dọ̀fóró? "Ó ti tàn ká" náà ni. Ẹ wá wo obìnrin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé kókó kúrò lọ́yàn rẹ̀, tí wọ́n na fọ́ọ̀mù sí, tó kà á níbẹ̀ pé "Ìtànká: ọ̀sẹ̀ mẹ́ta". Ẹ̀rù á ti pa á kó tó débi ẹ̀rọ.

Bẹ́ẹ̀, gbogbo ọgbọ́n tó wà nínú ìtọ́jú yìí, kó má bàa tàn ká ni. Wọ́n á kọ́kọ́ ya àwòrán inú àyà, wọ́n á fín àmì bíńtín sára rẹ̀ kí ojú ibi tí wọ́n ń fojú sùn má bàa yẹ̀. Á dùbúlẹ̀, á ká apá sókè orí, kò sì gbọdọ̀ mira. Tó bá jẹ́ ọyàn òsì ni, wọ́n lè ní kó fa èémí sínú dáadáa kó dá a dúró, torí àyà tó bá kún fún èémí a máa sún ọkàn jìnnà sí ojú ọ̀nà ìtànṣán. Ṣé ohun tí wọ́n ń ṣọ́ tó báyìí la fẹ́ máa pè ní ìtànká?

"Ìwòsàn oníná" ńkọ́? Kò sí iná níbẹ̀. Aláìsàn kì í mọ ohunkóhun lára lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn, bí ẹni tí wọ́n ń ya ní fọ́tò ló rí. Lóòótọ́, awọ ara lè pọ́n, ó lè dú, ó tilẹ̀ lè bó, ṣùgbọ́n ó máa ń tó ọjọ́ mélòó kan kí ìyẹn tó bẹ̀rẹ̀. Ohun tí ìtànṣán ń ṣe ni pé ó ń ba DNA jẹ́, ìyẹn àkọsílẹ̀ inú sẹ́ẹ̀lì tí sẹ́ẹ̀lì fi ń ṣiṣẹ́. Sẹ́ẹ̀lì tó dá ṣáṣá lè tún tirẹ̀ ṣe, ti jẹjẹrẹ kò mọ̀ ọ́n tún ṣe tó bẹ́ẹ̀.

Mo tún ní ẹjọ́ pẹ̀lú "ìwòsàn" fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ni wọ́n sábà máa ń lo ìtànṣán fún ọyàn, láti pa ìyókù tí ojú kò rí. Lọ́dún 2011, wọ́n kó èsì ìwádìí 17 jọ, tó kan obìnrin tó lé ní 10,000 tí wọn kò gé gbogbo ọyàn wọn. Láàárín ọdún mẹ́wàá, àìsàn náà padà sára nǹkan bí 35 nínú 100 àwọn tí kò gba ìtànṣán, àti nǹkan bí 19 nínú 100 àwọn tó gbà á. Ìrànlọ́wọ́ ńlá ni. Àmọ́ kí la máa sọ fún àwọn 19 yẹn tó bá jẹ́ pé "ìwòsàn" la pè é? Ìtọ́jú ni, ó parí.

"Olóró" a máa tẹ̀ lé aláìsàn délé. Àwọn ará ilé á máa gbé ọmọ sá fún un. Nínú èyí tí ẹ̀rọ ń rán láti ìta, tí wọ́n bá ti pa ẹ̀rọ, ohunkóhun kò ṣẹ́ kù sára rẹ̀, ó lè gbé ọmọ rẹ̀ mọ́ra nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Èyí tí wọ́n ń fi orísun ìtànṣán sínú ara ló ní ìkìlọ̀ tirẹ̀, ẹ jẹ́ ká pe ìyẹn ní "ìtànṣán àfisínú".

Ẹnìkan á ní "ìtànṣán" náà ní "tàn" nínú. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ta ló gbọ́ ọ rí pé jẹjẹrẹ tànṣán? Oòrùn ti sọ ọ̀rọ̀ yẹn di tiwa tipẹ́. Ó sì so mọ́lẹ́bí pọ̀: ìtànṣán tí Röntgen ṣàwárí lọ́dún 1895, tí a fi ń ya àwòrán egungun, irú rẹ̀ náà ni ẹ̀rọ òde òní ń rán sí ọyàn, agbára rẹ̀ ló pọ̀ ju ti àwòrán lọ fíìfíì. Àwòrán onítànṣán, ìtọ́jú onítànṣán.

Gray tí wọ́n fi ń wọn ìwọ̀n ìtànṣán tí ara gbà, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, orúkọ èèyàn ni. Ibi tó ṣì kù ni orúkọ ohun tí aláìsàn ń gbà lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n lè pín 40 Gray sí ọ̀nà 15, àwọn kan sì ń gba 26 Gray ní ìgbà 5 láàárín ọ̀sẹ̀ kan láti ìgbà tí èsì ìwádìí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti jáde lọ́dún 2020. "Ìdá" kò ṣeé lò: "ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún" ti ní ìtumọ̀ tirẹ̀ nínú ìṣirò. "Ìpín" ni mo ń lò ní tèmi. Ẹni tó bá ní èyí tó dáa jù ú lọ, kó mú un wá.