Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gba mástà nínú ijó, báwo lẹ ṣe ń fi kíkọ́ ijó jẹun? Ẹ wá sọ tiyín

Àdùkẹ́ Ẹlẹ́sẹ̀:

Ẹ káàsán o ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ tèmi, kí ẹ̀yin náà wá sọ tiyín. Mo ṣe mástà ní Theatre Arts ní UI, ijó ni mo gbájú mọ́. Ẹnu ẹ̀ ni mo wà tí ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ yunifásítì ti 2022 fi dé, February sí October, oṣù mẹ́jọ gbáko, kò sí kíláàsì, kò sí súpáfáísọ̀, ni mo bá ń kó àwọn ọmọ àdúgbò jọ sínú gáréèjì bọ̀ọ̀dá mi, mo ń kọ́ wọn níjó kí n lè máa rówó ra dátà. Mi ò mọ̀ pé ibẹ̀ gan-an niṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí mo gbàwé tán, mọ́mì mi ní, "Ṣé ijó yìí náà lo kà débi mástà?" Wọn ò bínú o, ó kàn yà wọ́n lẹ́nu ni. Lójú tiwọn, ẹni tó bá ní mástà, báńkì ló yẹ kó jókòó sí. Mo kọ lẹ́tà sí yunifásítì mẹ́rin, mẹ́ta ò dá mi lóhùn, ìkẹrin ní kí n lọ bẹ̀rẹ̀ PhD ná. Ni mo bá gba iṣẹ́ ní sukúù aládàáni kan ní Bódìjà, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, CCA, ìyẹn Cultural and Creative Arts, ni wọ́n kọ sórí táìmù-tébù.

Kíláàsì àkọ́kọ́ ni mo fẹ́ sọ. Mo mú onílù méjì dání, bàbá kan tó ń lu ìyáàlù bàtá àti ọmọ wọn tó ń lu omele. Àwọn ọmọ JSS 2 ti tò. Mo ka "one, two, three, four" fún wọn bí wọ́n ṣe kọ́ èmi náà, wọ́n mú ẹsẹ̀ yẹn láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, inú mi ń dùn ṣìnkìn. Ká tó wí ká tó fọ̀, bàbá yí ìlù padà. Wọ́n rí ọmọ kan tó ń rẹ́rìn-ín ni, ni wọ́n bá fi ìlù kí i, ohun tí onílù máa ń ṣe náà nìyẹn. Àwọn ọmọ mi ò gbọ́ o, wọ́n ń bá tiwọn lọ, five, six, seven, eight. Ìlù ti dé Ọ̀yọ́, ijó ṣì wà ní Bódìjà. Bàbá dáwọ́ dúró, wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Àǹtí, kí ni wọ́n ń kà?"

Ojú tì mí. Èmi tí mo fi odidi pírọ́jẹ́ẹ̀tì kọ nípa ìlù àti ijó!

Lọ́sẹ̀ kejì mo ní kẹ́nikẹ́ni má ka nǹkan kan mọ́. Gbólóhùn kan ni mo fún wọn: "Wá wo ẹsẹ̀ mi." Bàbá ló tún kọ́ mi ní èyí tó kù, wọ́n ní akólòlò ni bàtá, pé etí ọmọ tí ò tíì mọ ìlù ò lè tètè gbọ́ ohun tó ń sọ, kí àwọn gbé dùndún wá kọ́kọ́ sọ ọ́ ketekete. Dùndún sọ ọ́. Ohùn òkè, àárín, àárín, ìsàlẹ̀, àárín. Àwọn ọmọ fi ẹnu pè é, wọ́n fi ọwọ́ gbá a sórí itan, ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wá jẹ́ kí wọ́n fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí bàbá padà sórí bàtá, tí bílálà, awọ tí wọ́n fi ń lù ú, ń na ṣáṣá, ojú ìlù tó kéré, tí àtẹ́lẹwọ́ ń gbá ojú òjò, èyí tó tóbi, ọmọbìnrin kan pariwo, "Àǹtí, ó ń sọ ọ́! Ó ń sọ ọ́!"

Ibẹ̀ ni mo ti di tíṣà, kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n fún mi níwèé. Ẹ̀yin ńkọ́?

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Peckham:

Ẹ̀gbọ́n Àdùkẹ́, ẹ kú iṣẹ́ o, mo rẹ́rìn-ín débi "ìlù ti dé Ọ̀yọ́" yẹn lórí bọ́ọ̀sì, gbogbo èèyàn ń wò mí. London ni mo ti ṣe mástà tèmi, ọdún kan. Ẹni tó bá ń bọ̀ níbí kó mọ̀ pé tó o bá wà lórí físà ọmọ ilé ìwé, o ò lè ṣiṣẹ́ fún ara ẹ, òfin ò gbà, bẹ́ẹ̀ kẹ̀ iṣẹ́ kíkọ́ ijó níbí, èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ ìwọ lo máa kọ ínfọ́ìsì fúnra ẹ. Ìgbà tí mo bọ́ sórí Graduate visa, físà tí wọ́n ń fún ẹni tó kàwé jáde, ni mo tó lè mí. Ọdún méjì ni wọ́n fún mi, mo ń ka oṣù bí ẹni ń ka owó àjọ.

Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń bèèrè kì í ṣe mástà rárá. Ìwé àyẹ̀wò DBS ni, enhanced, torí ọmọdé lo fẹ́ lọ bá, kí wọ́n lè mọ̀ pé o ò hùwà ọ̀daràn rí. Lẹ́yìn ìyẹn, insurance. Mástà? Kò sẹ́ni tó bi mí rí lóòótọ́. Abẹ́ PE, ìyẹn eré ìdárayá, ni ijó wà nínú kòríkúlọ́ọ̀mù England, torí náà tíṣà PE ló máa ń pè mí, ẹni tó jẹ́ pé bọ́ọ̀lù ló mọ̀, tó ń wá ẹni tó máa gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ́wọ́ ẹ̀. October ti Black History Month, mo lè ṣe sukúù mẹ́ta lọ́jọ́ kan, tó bá ti di November, kẹ́kẹ́ á pa mọ́ fóònù mi lẹ́nu.

Sukúù kan pè mí lọ́dún tó kọjá, ọgọ́ta ọmọ nínú họ́ọ̀lù, wákàtí kan péré, wọ́n ní kí n kọ́ wọn ní "ijó Áfíríkà." Áfíríkà wo? Mi ò bá wọn jà, owó ilé ń dúró. Ìkíni ni mo fi bẹ̀rẹ̀, mo fẹ́ ṣàlàyé ìdọ̀bálẹ̀ àti ìkúnlẹ̀, mi ò tíì lanu tán tí ọmọkùnrin kékeré kan lẹ́yìn fi dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àyà kanlẹ̀. Mo ní ta ló kọ́ ẹ? Ó ní màmá àgbà òun ni, pé tóun ò bá ṣe é àwọn ò ní fún òun lóúnjẹ. Gbogbo ọmọ yòókù fẹ́ dọ̀bálẹ̀ bíi tiẹ̀! Òun ni mo fi ṣe amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ mi títí a fi ṣe tán. Ó lé lóṣù méjì kí sukúù yẹn tó sanwó ṣá o, mo kọ ímeèlì títí ọwọ́ fi ń ro mí. Ní báyìí, ìdajì owó kí n tó gbéra nílé, mi ò bá ẹnì kankan ṣàwàdà mọ́.

Bàbá Ṣadé:

Èmi ò ní mástà o, ìyàwó mi ló ní in. Mo kàn fẹ́ sọ pé ẹ mú òbí mọ́ ọn. Ní Òṣogbo níbí, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní bàtá, bàbá ọmọ kan wá, ó ní ìlù Ṣàngó ni, pé ọmọ pásítọ̀ lòun ń tọ́. Ìyàwó mi ò bá a jiyàn, ó ní kó jókòó kó wò ó. Bàbá jókòó. Nígbà tó yá, èjìká tiẹ̀ náà ti ń jà. Àmọ́ ó ṣì mú ọmọ ẹ̀ lọ o, ẹ má rò pé ó dúró.

Ìyá Oníṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, Bronx:

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́. MFA, ìyẹn mástà àwọn oníṣẹ́ ọnà, lèmi ṣe ní Amẹ́ríkà, ọdún mẹ́ta. Níbí MFA ni wọ́n kà sí òpin ìwé fún àwọn oníjó, o lè fi wáṣẹ́ lẹ́kíṣọ̀ láìní PhD, ìyẹn dáa. Àmọ́ iṣẹ́ ọ̀hún ò pọ̀, àwa tá a ń dù ú ló pọ̀. Mo ń kọ́ kọ́ọ̀sì kan níbí, kọ́ọ̀sì kan lọ́hùn-ún, wọ́n ń sanwó kọ́ọ̀sì-kọ́ọ̀sì, kò sí inṣọ́ránsì ìlera, inú tréènì ni mo ti ń jẹun ọ̀sán.

OPT, àṣẹ tí wọ́n fi ń jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ àlejò ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ìwé, ló kọ́kọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Oṣù méjìlá ni wọ́n ń fún wa, àwọn tó ka kọ̀ǹpútà lè gba oṣù mẹ́rìnlélógún sí i, ijó ò sí nínú tiwọn. Tó o bá wá lo ju àádọ́rùn-ún ọjọ́ láìníṣẹ́, ó parí, iṣẹ́ yẹn sì gbọ́dọ̀ jẹ mọ́ ohun tó o kà. Mo lo ọjọ́ mọ́kànléláàádọ́rin. Mo ń sàmì sí i lára kàlẹ́ńdà ilé ìdáná.

Ohun tí mi ò sì mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni pé tí wọ́n bá kọ "African dance" síta níbí, ìlù djembe ni wọ́n ní lọ́kàn, ijó Guinea, Mali àti Senegal. Mo dé sítúdíò kan, wọ́n ní ṣé mo mọ lamban, ọ̀kan nínú àwọn ijó yẹn? Mo ní bàtá ni mo mọ̀. Wọ́n ní àwọn á pè mí. Títí dòní!

Ará Cuba ló yọ mí. Obìnrin kan wá sí kíláàsì kékeré tí mo ń ṣe nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì, mo ní kí n kọ́ wọn ní ijó Ọya, ó kàn dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó káwọ́ gbera. Lẹ́yìn kíláàsì, ó fa ìrùkẹ̀rẹ̀ yọ nínú báàgì, ó ní báyìí làwọn ṣe ń jó Oyá nílé àwọn, ó yí ìrùkẹ̀rẹ̀ yẹn lókè orí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá mi lójú. Ẹ̀yin èèyàn, omi bọ́ lójú mi. Bàtá mẹ́ta ni tiwọn: iyá, itótele, okónkolo. Ó ń pe iyá bí a ṣe ń pè é gẹ́lẹ́, kò sì gbọ́ Yorùbá kankan ju orin lọ. Àwa méjèèjì la jọ ń ṣe kíláàsì báyìí, èmi apá kan, òun apá kan, àwọn èèyàn sì ń sanwó torí wọn ò rí irú ẹ̀ níbòmíì. Pearl Primus náà, oníjó ará Amẹ́ríkà tí wọ́n sọ ní Ọmọ́wálé nígbà tó wá sílùú wa, ijó ilẹ̀ Áfíríkà ló fi kọ́ àwọn ará Amẹ́ríkà títí, 1978 ló gba PhD tiẹ̀ ní NYU, ó ti lé lẹ́ni àádọ́ta ọdún. Mo máa ń rántí ẹ̀ tó bá rẹ̀ mí.

Alàgbà Lẹ́kíṣọ̀:

Ẹ̀yin ọmọ wa, mo ti ka gbogbo ẹ̀. Ní yunifásítì Nàìjíríà, mástà ò lè gbé yín kọjá Assistant Lecturer, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni tàn yín, ẹ lọ fi orúkọ sílẹ̀ fún PhD bẹ́ ẹ bá fẹ́ dúró níbẹ̀. Ẹni tó bá sì fẹ́ sẹ́kọ́ńdìrì, ẹ ṣe PGDE, ìyẹn díplómà iṣẹ́ olùkọ́, kí TRCN, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn tíṣà, lè forúkọ yín sílẹ̀. Àdùkẹ́, ìbéèrè kan: èló lò ń fún bàbá onílù yẹn?

Àdùkẹ́ Ẹlẹ́sẹ̀:

Ẹ ṣé o, sà. Mo mọ̀ pé ẹnì kan máa bi mí. Níbẹ̀rẹ̀, sukúù ń fún mi lówó, mo ń fún bàbá ní ìdá kan nínú mẹ́rin, mo rò pé mo ṣe dáadáa torí èmi ni mo ní mástà. Lọ́jọ́ kan bàbá ò wá. Mo fi sípíkà ṣe kíláàsì. Àwọn ọmọ ò jó, wọ́n kàn ń mira, àwọn kan tún ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Mo wá wọn lọ sílé lálẹ́, wọn ò bínú, wọ́n ń tún awọ omele ṣe lábẹ́ fìtílà, wọ́n ní àwọn lọ síbi ìnáwó ni, níbi tí wọ́n ti ń náwó fún ìlù. Láti ìgbà yẹn, ọgbọọgba la ń pín in. Wọ́n ṣì máa ń lọ síbi ìnáwó ṣá o, lọ́jọ́ Sátidé pàápàá, mo ti gbé kíláàsì Sátidé lọ sí Thursday.