Wẹ́dà ní òun á fi drum ṣe ẹ̀rọ ìlọ pẹ́ǹtì fún mi, ṣé kí n gbà?

Akunlé_Àkúrẹ́
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ọ̀gá mi. Mo ń ṣe pẹ́ǹtì emulsion lẹ́yìn ilé wa ní Àkúrẹ́ níbí, funfun àti cream ló pọ̀ jù, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ń fi red oxide àti yellow kún un. Wàhálà mi ni pé pẹ́ǹtì náà ò kúnná tó. Tẹ́ ẹ bá fi ìka pa á ẹ máa gbọ́ ọ bí iyanrìn, pẹ́ńtà kan tó ń kun ilé n'Íjàpò gbé rọ́bà kan padà wá bá mi pé ó ń fa ìlà sára ògiri, ẹni tó ni ilé ti ń pariwo. Igi àti dírílì oníbátìrì ni mo fi ń rò ó. Wẹ́dà kan l'Ókè-Àró ní òun á fi drum epo ṣe ball mill fún mi, á dùbúlẹ̀, á kó bọ́ọ̀lù irin sínú ẹ̀, mótò á máa yí i, ó ní bó bá ṣe ń yára tó ló ṣe máa kúnná tó. Ẹlòmíì ní kí n kúkú wá ẹ̀rọ ata tokunbọ̀ rà. Owó ọwọ́ mi ò lè ra méjì o, èwo ni kí n ṣe?

Ìyá_Ẹlẹ́rọ
Ọmọ mi má rà á o. Èmi fúnra mi ata ni mò ń lọ̀ jẹun. Irin roboto méjì tó kojú síra wọn nínú ẹ̀rọ yẹn ló ń lọ̀ ọ́, ara wọn náà ni wọ́n sì ń jẹ, tá a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ wọn, omi tá a kọ́kọ́ dà sí i dúdú ló ń jáde, a kì í lọ ògì ẹnikẹ́ni títí á fi mọ́. Ṣé pẹ́ǹtì funfun lo fẹ́ dà sírú ẹ̀ ni? Eérú lo máa gbé fún kọ́sítọ́mà. Ohun tó tiẹ̀ ń bà mí lẹ́rù ni pé tó bá sú ẹ, wàá tà á, ẹni tó bá rà á ò ní mọ̀ pé pẹ́ǹtì lo fi lọ̀, á máa fi lọ ata fáráyé. Ẹ jọ̀ọ́ o.

Ọ̀gá_Kẹ́míkà
Àbúrò, kó o tó náwó, kí lo fẹ́ lọ̀ gan-an? Titanium, ìyẹ̀fun funfun tó o rà nínú àpò yẹn, ibi tí wọ́n ti ṣe é ni wọ́n ti lọ̀ ọ́ kúnná, ẹyọ ẹ̀ kan ò ju 0.2 sí 0.3 micron lọ (ẹgbẹ̀rún micron ló wà nínú mìlímítà kan), kò sí ẹ̀rọ tí wẹ́dà kankan máa jó pọ̀ tó lè lọ̀ ọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Calcium náà kúnná níwọ̀nba. Ohun tí ìka ẹ ń gbọ́ yẹn kókó ni, ìyẹ̀fun tó dì mọ́ra tí omi ò ráyè wọ àárín ẹ̀, títú la sì ń tú irú ẹ̀ ká, disperser ló ń ṣe é. Irin roboto pẹlẹbẹ kan ni, wọ́n gé eyín sí etí ẹ̀ yíká, wọ́n tẹ ọ̀kan sókè wọ́n tẹ èkejì sísàlẹ̀, ó máa ń yí nínú pẹ́ǹtì tó ṣì ki.

Ibi tí àwọn èèyàn kì í kíyè sí ni eré ẹ̀. Etí irin yẹn gbọ́dọ̀ máa sá tó mítà 20 sí 25 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Tó bá fẹ̀ tó 20 cm tó o gbé e sórí mótò tó ń yí ìgbà 1440 láàárín ìṣẹ́jú kan tààrà, bíi mítà 15 ló máa sá, kò tíì tó. Fi púlì gbé e sókè dé bíi 2000, ó ti wọ mítà 21 nìyẹn. Kí irin náà jẹ́ bí ìdá kan nínú mẹ́ta fífẹ̀ ohun tó o fi ń po, drum lítà 200 máa ń fẹ̀ tó bíi 57 cm nínú, torí náà 20 cm ṣe déédéé fún un. Dírílì tìẹ yẹn kò sún mọ́ ọn rárá.

Bó o ṣe ń da nǹkan síra wọn náà ńkọ́? Omi kọ́kọ́, calgon tó ń jẹ́ kí ìyẹ̀fun tú ká tẹ̀ lé e kó yọ́ tán pátá, kó tó kan titanium àti calcium, kó o sì jẹ́ kó ki dáadáa torí tó bá ṣàn jù irin yẹn kàn máa gé omi lásán ni. PVA, gọ́ọ̀mù tó ń mú pẹ́ǹtì lẹ̀ mọ́ ògiri, gbẹ̀yìn, nígbà tó o bá ti dín eré ẹ̀ kù, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ fóòmù nìkan lo máa rí. Mo sì fura sí nitrosol ẹ, ìyẹ̀fun tó ń mú pẹ́ǹtì ki. Tó o bá dà á lẹ́ẹ̀kan náà sínú omi, tàbí ammonia ti wà níbẹ̀ kó o tó dà á, ńṣe ló máa ṣù jọ di kókó tó ń yọ̀, kò sì ní tú mọ́. Fọ́n ọn sínú omi lásán díẹ̀díẹ̀, máa rò ó, kí ammonia wá wọlé lẹ́yìn. Tó bá tán, fi nẹ́ẹ̀tì sẹ́ ẹ.

Jíníà_Àpátápiti
Mo fara mọ́ ọ̀gá. Ọ̀rọ̀ wẹ́dà yẹn ni mo fẹ́ fèsì sí, pé bó bá ṣe ń yára tó ló ṣe máa kúnná tó, irọ́ gbáà ni. Ball mill tó bá yára jù, bọ́ọ̀lù á lẹ̀ mọ́ ògiri drum, á máa bá a yí po láìjábọ́, kò sì ní lọ nǹkan kan. Ìṣirò ẹ̀ ò le: 42.3, kó o fi square root fífẹ̀ drum ní mítà pín in. Drum 57 cm, nǹkan bíi 56 láàárín ìṣẹ́jú kan ni gbogbo ẹ̀ máa lẹ̀ mọ́ ògiri, torí náà 36 sí 40 ló yẹ kó máa yí. Mótò 1440 ńkọ́? O máa ní láti dín in kù bí ogójì ìlọ́po, gearbox nìyẹn o, púlì kan ò lè ṣe é.

Àti pé drum epo yẹn fẹ́lẹ́ jù. Bọ́ọ̀lù irin tó máa gba ààbọ̀ ẹ̀ á wúwo ju 400 kilo lọ, kó tó di ọ̀sán á ti wó mọ́ ẹ lórí. Tó o bá fẹ́ ball mill dandan torí àwọn aláwọ̀, ṣe kékeré, fi páìpù irin tó nípọn. Red oxide ò ní wàhálà pẹ̀lú bọ́ọ̀lù irin torí ìpẹtà irin náà kúkú ni. Funfun àti yellow ni kó o fi bọ́ọ̀lù porcelain lọ̀, kí inú páìpù náà má sì jẹ́ irin lásán.

Akọ̀wé_Òǹdó
Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ láyé o. Ọkùnrin kan ní Derby nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, James Rawlinson, gbé irú ẹ̀rọ báyìí síwájú Society of Arts ní 1804. Kó tó dìgbà yẹn bí ìyá wa ṣe ń lọ ata lórí ọlọ ni àwọn pẹ́ńtà wọn ṣe ń lọ ọ̀dà, òkúta pẹlẹbẹ nílẹ̀, ọmọ ọlọ lọ́wọ́. Ó wá fi mábù dúdú ṣe òkúta roboto kan tó dúró lóòró, ó fẹ̀ tó 16½ ínǹṣì, ó nípọn 4½, èèyàn á máa fọwọ́ yí i, ó gbẹ́ mábù mìíì tó tẹ̀ kọrọdọ tó bo ìdá kan nínú mẹ́ta ẹ̀, àárín àwọn méjèèjì ni ọ̀dà ti ń lọ̀. Ó ní ojú tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà tó 72 ínǹṣì níbùú-lóòró, ti ọmọ ọlọ kò sì ju bíi 16 lọ. Ohun tó wù mí jù níbẹ̀ ni pé sípíríìnì aago ló fi ṣe èyí tó ń há ọ̀dà kúrò lára òkúta.

Májèlé tó wà nínú ọ̀dà náà wà lára ohun tó ń rò tó fi ṣe é, torí ẹni tó ń tẹ̀ orí sórí ọlọ lójoojúmọ́ ń fa á símú, òjé sì wà nínú funfun ìgbà yẹn, inú rírun ló ń fi pa wọ́n. Àbúrò, yellow wo lò ń lò? Tó bá jẹ́ chrome yellow, òjé ṣì wà nínú ẹ̀, yọwọ́ kúrò níbẹ̀. Yellow oxide ni kó o rà, kò ní mọ́lẹ̀ tó ìyẹn ṣùgbọ́n kò ní pa ẹnikẹ́ni. Kó o sì bo imú tó o bá ń da ìyẹ̀fun.

Akunlé_Àkúrẹ́
Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin ọ̀gá àti ìyá mi. Disperser ni mo máa ṣe. Mótò 3hp ni mo rí, ṣùgbọ́n NEPA ò dúró, jẹ́nẹ́rétọ̀ 3.5kVA ló wà nílé. Ṣé á gbé e? Níbo ni mo sì ti máa rí irin eléyín yẹn?

Jíníà_Àpátápiti
3hp jẹ́ bíi 2.2 kW tó bá ti ń yí, ṣùgbọ́n ìgbà tó bá fẹ́ gbéra ló máa fa iná ní ìlọ́po márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀, jẹ́n yẹn máa kú mọ́ ẹ lọ́wọ́. Dúró de NEPA, tàbí kó o wá jẹ́n tó tóbi jù ú lọ dáadáa. Omi nìkan ni kó wà nínú drum nígbà tó o bá fẹ́ tan án, tó bá ti ń yí ni kó o máa da ìyẹ̀fun. Irin eléyín, má rà á, tọ́nà èyíkéyìí á gé e fún ẹ nínú plate 3mm. Kó rí i pé ọ̀gangan àárín ló lu ihò sí o, torí ní 2000 yẹn, tó bá wúwo sí ẹ̀gbẹ́ kan báyìí, ṣáfútì á máa gbọ̀n títí tí bẹ́ríǹ á fi jẹ.