Ẹ̀yin tí ẹ fi ohun ilẹ̀ mìíràn ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́, kí lojú yín rí?

Àbẹ̀kẹ́, Ìbàdàn
Àpótí ìjókòó Àṣáńtì kan wà ní pálọ̀ mi tí mo rà ní Ahwiaa lẹ́bàá Kùmásí ní Gánà, níbi tí wọ́n ti ń gbẹ́ ẹ. Inú odindi igi kan ni wọ́n ti ń gbẹ́ ẹ jáde, kò ní ìṣó rárá. Ẹ̀gbẹ́ tẹlifíṣọ̀n ló wà, fáàsì òdòdó sì wà lórí rẹ̀.

Ará Gánà kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ yà kí wa. Omi tí a gbé fún un kò tíì tán tó fi dìde, ó gbé fáàsì sílẹ̀, ó sì yí àpótí dẹ̀gbẹ́. Èmi àti ọkọ mi ń wo ara wa. Ó ní, "Màdáàmù, ẹ má bínú. Lọ́dọ̀ wa, tí ẹni tó ni àpótí bá ti dìde, ṣe la máa ń yí i dẹ̀gbẹ́, kí ẹ̀mí tí ẹnikẹ́ni ò pè má baà wá jókòó lé e."

Ibẹ̀ ló ti bọ́ sórí Sika Dwa Kofi, àpótí wúrà tí wọ́n gbà pé ẹ̀mí gbogbo Àṣáńtì wà nínú rẹ̀. Ọba gan-an kì í jókòó lé e. Ní 1900, gómìnà òyìnbó kan, Hodgson, ní kí wọ́n gbé e wá kí òun jókòó lé e. Ọ̀rọ̀ yẹn ló dogun tí Yaa Asantewaa léwájú rẹ̀. Nítorí ìjókòó, ẹ gbọ́ ná!

Fáàsì ti wábi gbà. Ọmọ mi kékeré ló ń yí àpótí dẹ̀gbẹ́ báyìí, àti gbogbo àga oníke tó wà nílé.

Ọmọ Ọ̀yọ́, Peckham
Tèmi ò la ogun lọ o. Tìmùtìmù aláwọ ni mo rà, wọ́n ní ti Mòrókò ni. Màmá mi dé láti Ọ̀yọ́, wọ́n gbọ́ iye rẹ̀, wọ́n pariwo: "Ṣé kò sí oníṣẹ́ awọ ní Ọ̀yọ́ ni?" Wọn ò sì jẹ̀bi. Láyé àtijọ́, awọ ewúrẹ́ láti Kánò ni ràkúnmí ń gbé la aṣálẹ̀ kọjá, tí àwọn òyìnbó sì ń pè é ní awọ Mòrókò.

Òfìfo ni wọ́n tà á fún mi. Màmá bá mi wá nǹkan kì sínú rẹ̀. Ìgbà tí òtútù dé ni mo mọ ibi tí kóòtù mi wọlé sí.

Ìyàwó Ẹ̀gbá, Abẹ́òkúta
Aṣọ Àgbómẹ̀, olú ìlú Dàhọ̀mì àtijọ́, lèmi fi kọ́ ara ògiri, èyí tí wọ́n ń gé àwòrán ẹran lára aṣọ mìíràn rán mọ́. Ẹfọ̀n ló wà lára tèmi. Bàbá ọkọ mi wọlé, wọ́n wò ó títí. "Ìyàwó wa, ẹfọ̀n ta ni?" Mo ní àmì Ghezo, ọba Dàhọ̀mì, ni. Háà! "Ghezo tó kógun wá bá wa ní 1851, tí a lé e padà, òun lo gbé kọ́ sí pálọ̀ ọmọ mi?"

Wọn ò ní kí n sọ ọ́ kalẹ̀ ṣá. Àwòrán Olúmọ ni wọ́n gbé wá lọ́jọ́ kejì, wọ́n ní kí n gbé e kọ́ sókè ẹfọ̀n, kó máa wò ó nílẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ta ló mọ bí wọ́n ṣe ń fọ irú aṣọ yìí tí àwọ̀ rẹ̀ kò fi ní ràn mọ́ra?