Áténì, Santorini, Mykonos àti Pátímò láàárín ọjọ́ mẹ́jọ: ṣé ó ṣeé ṣe?

Ìyá Ìbejì (Peckham)
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ìparí oṣù Kẹsàn-án la fẹ́ lọ sí Gíríìsì láti Lọ́ńdọ̀nù. Pasipọ́ọ̀tù Nàìjíríà ni ìyá wa ń lò, àmọ́ wọ́n ní ìwé ìgbélùú Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún, orúnkún sì ń dùn wọ́n. Pátímò tí Jòhánù ti rí ìfihàn ni wọ́n fẹ́ rí jù. Santorini àti Mykonos làwọn ọmọ ń pariwo ní tiwọn. Báwo la ṣe máa tò ó?

Alárìnká
Ẹ yọ Mykonos kúrò, ẹ yọ Santorini náà. Ibi tó rẹwà ni wọ́n, ṣùgbọ́n wọn ò sí lójú ọ̀nà kan náà pẹ̀lú Pátímò. Inú ọ̀wọ́ erékùṣù Cyclades ni tiwọn. Pátímò, Leros, Kos àti Rhodes wà nínú ọ̀wọ́ erékùṣù Dodecanese, nítòsí Tọ́kì. Bíbọ́ láti ìhà kan sí èkejì sábà máa ń jẹ odindi ọjọ́ kan.

Pátímò ò ní pápákọ̀ òfurufú. Ọkọ̀ ńlá ń lọ síbẹ̀ láti Piraeus, èbúté Áténì, bíi wákàtí mẹ́jọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe ojoojúmọ́, òru ló sì sábà máa ń gúnlẹ̀ sí Skala, èbúté Pátímò. Fún ìyá, ó sàn kẹ́ ẹ wọ bàálù láti Áténì dé Kos, kẹ́ ẹ wá wọ ọkọ̀ ojú omi ayára níbẹ̀. Pápákọ̀ Kos jìnnà sí èbúté tó bíi kìlómítà 25, nítorí náà ẹ má ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ tó fún bàálù pinpin.

Bó bá jẹ́ Piraeus lẹ yàn, métrò ìlà 3 ń lọ tààrà láti pápákọ̀ Áténì, bíi wákàtí kan, €9. Ẹ ṣọ́ra: ẹnu ọ̀nà E6 ni métrò ń já sí, E1 lọ́hùn-ún sì ni ọkọ̀ Dodecanese ti ń gbéra. Ẹ má fẹsẹ̀ rìn ín pẹ̀lú ẹrù; bọ́ọ̀sì ọ̀fẹ́ wà nínú èbúté.

Afẹ́fẹ́ ló ń ba ètò jẹ́ jù. Meltemi ń fẹ́ láti àríwá, ó máa ń le jù ní oṣù Keje àti Ìkẹjọ, àmọ́ kò tíì tán ní Ìkẹsàn-án. Bó bá dé 8 lórí ìwọ̀n Beaufort, ọkọ̀ ńlá pàápàá kì í gbéra. Àwọn ayára á ti dúró ṣáájú. Ẹ ó gba owó tíkẹ́ẹ̀tì yẹn padà, ṣùgbọ́n bàálù Lọ́ńdọ̀nù ò ní dúró dè yín. Áténì ni kẹ́ ẹ ti sun alẹ́ ìkẹyìn. Áténì alẹ́ méjì, Pátímò mẹ́ta, Kos kan, Áténì kan.

Bàbá Físà
Ìwé ìgbélùú Gẹ̀ẹ́sì kò ní kí ìyá má gba físà Schengen o. €90 ni, owó ilé-iṣẹ́ tó ń gba ìwé lọ́tọ̀. Wọ́n lè fi ìwé sílẹ̀ láti oṣù mẹ́fà ṣáájú ìrìn àjò, ó pẹ́ tán, kó ku ọjọ́ 15. Ìnṣọ́ránsì gbọ́dọ̀ tó €30,000. Pasipọ́ọ̀tù gbọ́dọ̀ ṣì ní oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ọjọ́ ìpadàbọ̀, pẹ̀lú ojú ewé òfìfo méjì. Ibi tí wọ́n ti ń já ènìyàn ni kí alẹ́ kan wà tí kò ní hòtẹ́ẹ̀lì, tàbí kí ọjọ́ hòtẹ́ẹ̀lì má bá ti ọkọ̀ mu. Ẹ gba yàrá tó ṣeé fagi lé.

Ìyá Ìbejì (Peckham)
Ẹ ṣeun gan-an, bàbá. Acropolis, òkè tẹ́ńpìlì àtijọ́ ní Áténì, ńkọ́, pẹ̀lú orúnkún yẹn?

Àbẹ̀kẹ́ A.
Lífítì wà ní apá àríwá fún ẹni tí kò lè gun òkè. Ẹ pè wọ́n ṣáájú. Bí afẹ́fẹ́ bá le, wọ́n á dá a dúró. €30 ni tíkẹ́ẹ̀tì Acropolis, ó ní wákàtí tirẹ̀; ẹ mú ti aago mẹ́jọ àárọ̀ kí oòrùn tó mú. Wọn kì í jẹ́ kí bàtà gogoro wọlé.

Òkúta Areopagu tí Pọ́ọ̀lù ti wàásù nínú Ìṣe 17 wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Àtẹ̀gùn irin ni kẹ́ ẹ gbà. Èyí tí wọ́n gbẹ́ sára òkúta ń yọ̀ bí ilá. Ìyá lè dúró nísàlẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n kan ìwàásù náà mọ́ lédè Gíríìkì.

Ní Pátímò, takisí á gbé wọn dé ẹnu ọ̀nà ihò Jòhánù, láàárín Skala àti Chora, ìlú orí òkè, ṣùgbọ́n àtẹ̀gùn púpọ̀ ló sọ̀ kalẹ̀ sínú rẹ̀, wọ́n á sì tún gùn ún padà. Kí wọ́n tètè lọ láàárọ̀, kí èrò ọkọ̀ afẹ́ tó dé. Éjìká àti orúnkún gbọ́dọ̀ wà ní bíbò (ìró àti bùbá ti tó), kò sì sí fọ́tò nínú ihò. Ilé àwọn mọ́ńkì tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1088 wà lókè ní Chora. Bó bá jẹ́ ọ̀kan ni orúnkún gbà, ihò ni kí wọ́n lọ.

Ẹ fi owó díẹ̀ sọ́wọ́ fún owó orí hòtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń gbà ní káńtà: láti oṣù Kẹrin dé Ìkẹwàá, €5 fún yàrá lálẹ́ kan ní onírawọ̀ mẹ́ta, €10 ní onírawọ̀ mẹ́rin. Bébà ilé ìgbọ̀nsẹ̀, inú garawa ni o; páìpù wọn tóóró.